Ẹni Tó Kọ Ọ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wá: Ìtọ́sọ́nà Sínú Ìwé Ìpamọ́ Àwọn Olùwádìí Àṣà

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Wọ́n á ṣí ìkànnì ilé ìpamọ́ ìwé ńlá kan, wọ́n á tẹ "ìsìnkú" tàbí "ìgbéyàwó" síbi ìṣàwárí, kọ̀ǹpútà á sì da ẹgbẹẹgbẹ̀rún èsì tí kò jọra sílẹ̀ fún wọn, tàbí kó má rí nǹkan kan rárá. Wọ́n á pa á dé, wọ́n á ní ohun tí àwọn ń wá kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ni kò bá ilé náà mu.

Ilé ìkàwé ló ń to ìwé sórí àkòrí. Ní ilé ìpamọ́, ọwọ́ ẹni tí ìwé ti wá ni wọ́n fi ń tò ó. Ìwé lágbájá wà papọ̀, ìwé tẹ̀mẹ̀dù wà papọ̀, bí oníǹkan sì ṣe tò ó nígbà ayé rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbìyànjú láti fi í sílẹ̀. Margaret Mead, olùwádìí àṣà ará Amẹ́ríkà, kú ní 1978. Ìwé rẹ̀ tó wà ní Library of Congress ní Washington lé ní ìdajì mílíọ̀nù: lẹ́tà, àkọsílẹ̀ ìwádìí, àwòrán, ìwé ìpàdé, ìwé ìrìnnà. Kò sí ẹni tó lè jókòó tì í kó máa kọ "ìsìnkú" sára ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ̀ pé Mead lọ sí Samoa ní 1925, tó sì mọ̀ pé òun àti Gregory Bateson, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olùwádìí bíi tirẹ̀, wà ní Bali láàárín 1936 sí 1939, á tètè dé ìdí ohun tó ń wá. Ẹni tó mọ àkòrí nìkan lè fi ọ̀sẹ̀ kan yí ilé náà po.

Nítorí náà, ẹ wá ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ àti ẹni tó dáhùn, kí ẹ tó wá ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ orúkọ àwọn tó débẹ̀

Ẹ mú ìbéèrè yín, kí ẹ gé e kúrú títí yóò fi ní ibì kan àti ìgbà kan nínú. "Bí ènìyàn ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ" fẹ̀ jù. "Bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ ní erékùṣù Trobriand ṣáájú 1920" (erékùṣù yẹn wà ní Papua New Guinea) ti ṣeé wá, torí ó ti bí ìbéèrè mìíràn fúnra rẹ̀: ta ló wà níbẹ̀ nígbà náà tó ní gègé lọ́wọ́?

Ẹ má fi mọ sórí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn míṣọ́nnárì ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sílé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ń kọ ìròyìn. Dókítà, oníṣòwò, atukọ̀, ìyàwó olùwádìí tó bá a lọ tó sì ń kọ tirẹ̀ lálaalẹ́, gbogbo wọn ló ń fi ìwé sílẹ̀. Tí mo bá gbọ́ pé ìyàwó wà níbẹ̀, ìwé tirẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, torí ibi tí wọn kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ wọ̀, ó ṣeé ṣe kí òun ti jókòó níbẹ̀ láàárín àwọn obìnrin.

Níbo lẹ ó ti rí orúkọ wọ̀nyí? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ ìṣáájú àwọn ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde nípa ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló ń fo ojú ewé yẹn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún un lówó, ẹni tó gbà á sílé, ẹni tó ṣe ògbufọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ewé. Tí òǹkọ̀wé kan bá ti lo ìwé ìpamọ́ ṣáájú yín, á ti kọ orúkọ ilé náà àti nọ́ńbà àpótí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ dà á kọ bó ṣe wà gan-an.

Ní iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin: ọdún tó fi wà níbẹ̀, ẹni tó sanwó fún un, ibi tó ti ṣiṣẹ́, ibi tó kú sí. Owó ṣe pàtàkì nítorí pé ẹni tó bá gbowó gbọ́dọ̀ jábọ̀, àbọ̀ yẹn á sì wà nínú fáìlì ẹni tó sanwó, kódà tí ti olùwádìí fúnra rẹ̀ bá ti sọnù. Ibi tó kú sí ṣe pàtàkì nítorí pé ibẹ̀ ni ohun tó wà lórí tábìlì rẹ̀ sábà máa ń kù sí.

Ẹ wo Bronislaw Malinowski, olùwádìí àṣà. Kraków, ní Poland òde òní, ni wọ́n bí i sí. Láàárín 1915 sí 1918 ló ṣe ìwádìí ní Trobriand, ó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní London School of Economics, ó sì kú ní New Haven, ní Amẹ́ríkà, ní 1942 nígbà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Yale tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí apá kan ìwé rẹ̀ fi wà ní London tí apá kejì sì wà ní Yale. Ìwé àṣírí tó ń kọ nígbà tó wà lóko ìwádìí, Yale ni wọ́n ti bá a lẹ́yìn ikú rẹ̀, èdè Polish ló sì fi kọ ọ́. Ẹni tó ń wá ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ì bá kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀.

Ó ku ohun kan lórí ìwé orúkọ yìí. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tí wọ́n ti pe àwọn ènìyàn tí ẹ ń wá rí. Àwọn tó ń pe ara wọn ní Kwakwaka'wakw lónìí, ní ìwọ̀-oòrùn Canada, "Kwakiutl" ni wọ́n jẹ́ nínú ìwé àtijọ́. Àwọn Inuit, "Eskimo" ni. Àwọn orúkọ àtijọ́ mìíràn jẹ́ èébú, ó sì ń dunni láti tẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ló wà lára páálí. Ẹ fi wọ́n wá ìwé, ẹ má fi wọ́n kọ ìwé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ lo èyí tó wà nítòsí tán

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí ilé ìpamọ́ kankan, ẹ wo HRAF. Human Relations Area Files ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, New Haven ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1949. Wọ́n kó ìwé tí àwọn olùwádìí ti kọ nípa àwọn ènìyàn káàkiri ayé jọ, wọ́n sì fi nọ́ńbà àkòrí sára ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, nípa ètò tí George Peter Murdock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀. 551 ni orúkọ ènìyàn. 584 ni ètò ìgbéyàwó. 764 ni ìsìnkú. Tí ẹ bá fi nọ́ńbà 764 pẹ̀lú orúkọ àwọn ènìyàn kan wá a, ìpínrọ̀ tó sọ̀rọ̀ ìsìnkú gan-an ni yóò gbé wá, kódà tí ọ̀rọ̀ náà "ìsìnkú" kò bá fara hàn nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ibi tí mò ń darí yín sí, èyí nìkan ni ibi tí àkòrí ti ṣeé gbára lé.

Àwọn ilé ìkàwé yunifásítì ló ń san owó ìwọlé rẹ̀, ẹ béèrè ní tiyín. Ìkìlọ̀ mi ni pé kí ẹ má dúró sórí ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Ìpínrọ̀ tí wọ́n fi hàn yín ti kúrò lára ẹbí rẹ̀. Ẹ ṣí ìwé náà, kí ẹ ka ojú ewé tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, torí òǹkọ̀wé lè ti sọ níbẹ̀ pé ilé kan ṣoṣo ni òun ti rí ohun tí òun ń ròyìn.

Ẹ tún wo Internet Archive àti HathiTrust, tí ẹ lè ka ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ lórí wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìròyìn ọdọọdún Bureau of American Ethnology, ilé iṣẹ́ ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1879, wà níbẹ̀. Ìwé àfọwọ́kọ tó wà lẹ́yìn àwọn ìròyìn yẹn ló di ìpìlẹ̀ National Anthropological Archives tó wà ní Suitland, ní Maryland, lábẹ́ Smithsonian, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Amẹ́ríkà. Ẹ ka èyí tí wọ́n tẹ̀ kí ẹ tó lọ bá èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ, kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ilé tí ìwé náà wọ̀

ArchiveGrid ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ó ń wá inú ọ̀pọ̀ ilé ìpamọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá ti Amẹ́ríkà. Fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Archives Hub. Fún Jámánì, Kalliope. Fún Smithsonian, SOVA. Orúkọ ènìyàn ni kí ẹ tẹ̀ síbẹ̀, orúkọ ìdílé nìkan lákọ̀ọ́kọ́.

Ẹ má retí pé ibì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ yóò wà. Olùwádìí kan á mú ìwé, ohùn, àwòrán àti ère bọ̀ láti ìrìnàjò kan ṣoṣo, ilé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á sì pín wọn. Ìrìnàjò tí Marcel Griaule, olùwádìí ará Faransé, darí láti Dakar títí dé Djibouti, láàárín 1931 sí 1933, jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Àwọn ohun èlò tí wọ́n kó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé quai Branly ní Paris, ìwé Griaule sì wà ní Nanterre. Ẹni tó bá rí ère kan ní Paris láìdé Nanterre kò ní mọ bí wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ọ̀rọ̀ yẹn sì wúwo.

Tí ohùn lẹ bá ń wá, ilé tirẹ̀ yàtọ̀. Phonogrammarchiv, ìyẹn ilé ìpamọ́ ohùn, ti Vienna ti wà láti 1899, ti Berlin láti 1900. Àwòrán tún lè wà níbòmíràn: àwọn tí Evans-Pritchard, olùwádìí ará Gẹ̀ẹ́sì, yà ní gúúsù Sudan wà ní Pitt Rivers Museum ní Oxford. Ní ọ̀dọ̀ Mead àti Bateson, àwòrán Bali tó nǹkan bí 25,000, àwọn àwòrán náà kò sì wúlò tó láìsí ìwé tó sọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n yà wọ́n. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá rí irú kan, ẹ béèrè ibi tí ìyókù wà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka ìwé atọ́nà bí ẹni ń ka lẹ́tà

Ilé ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní ìwé atọ́nà fún àkójọ kọ̀ọ̀kan. Ó ń sọ ìtàn ìgbésí ayé oníǹkan, bí ìwé rẹ̀ ṣe dé ilé náà, bí wọ́n ṣe pín in, àti ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, fáìlì kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn ènìyàn máa ń sáré lọ sí àtòjọ àpótí. Mo bẹ̀ yín, ẹ ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí i pé ìyàwó rẹ̀ ló kó ìwé náà wá lẹ́yìn tó ti yọ díẹ̀ kúrò, pé omi ba àpótí kan jẹ́, tàbí pé fáìlì kan kò ní ṣí títí di ọdún kan lọ́jọ́ iwájú.

Nínú àtòjọ, ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́tà. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wá ni wọ́n sábà fi ń to lẹ́tà. Nítorí náà, tí ẹ bá ń wá ohun tí Franz Boas, olùwádìí àṣà, mọ̀ nípa Kwakwaka'wakw, nínú ìwé rẹ̀ tó wà ní American Philosophical Society ní Philadelphia, orúkọ tí ẹ ó wá ni Hunt, George. Fort Rupert, ní ilẹ̀ àwọn Kwakwaka'wakw, ni Hunt ń gbé, ó gbọ́ èdè náà láti kékeré. Ní 1893 ní Chicago ni Boas kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà títí Hunt fi kú ní 1933, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé ló fi ránṣẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tó kọ nípa oúnjẹ àti iṣẹ́ àwọn obìnrin, ẹnu ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ẹ rí i bí okùn náà ṣe gùn: láti orúkọ Boas tó wà lára ìwé, dé ọ̀dọ̀ Hunt tó wà lára fáìlì, dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó wà nídìí iná tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára nǹkan kan níta. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ tọ okùn náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn lẹ́tà, ẹ wá fáìlì tí wọ́n kọ "Orísìírísìí" sí lára. Ohun tí olùtọ́jú ìwé kò mọ ibi tí yóò fi sí ló ń bọ́ síbẹ̀. Mo ti rí orúkọ ògbufọ̀ kan tí mo wá fún oṣù mẹ́ta nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ìwé owó tí wọ́n san fún un: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́, iye tó gbà, àti àmì ìka rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Nínú gbogbo ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ jáde, "ọmọkùnrin mi" lásán ló ń pè é.

Ẹ sì wo ọdún. Tí lẹ́tà bá wà fún ọdún kan, tó tún wà fún ọdún kẹta, tí ọdún àárín ṣófo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bóyá àìsàn ni, bóyá ogun ni, bóyá ẹnì kan ló yọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ̀wé sí olùtọ́jú ìwé

Ẹni tó ń tọ́jú àpótí mọ ohun tí kò sí nínú ìwé atọ́nà kankan. Ẹ má kọ "ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi gbogbo ohun tí ẹ ní lórí ìsìnkú ránṣẹ́ sí mi" sí i. Ó máa ń dára kí ìbéèrè fi hàn pé ẹ ti ṣiṣẹ́ tiyín. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí, ní èdè tí ilé náà ń lò:

"Ẹ kú iṣẹ́. Mò ń ṣe ìwádìí lórí lẹ́tà tí George Hunt kọ sí Franz Boas ṣáájú 1900. Mo ti ka ìwé atọ́nà yín, mo sì ti kọ nọ́ńbà àwọn fáìlì tí mo fẹ́ rí sísàlẹ̀ yìí. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Ṣé lẹ́tà tí Boas kọ padà wà pẹ̀lú wọn, àbí ibòmíràn ni? Ṣé ìwé kan wà tó jẹ mọ́ ọn tí ẹ kò tíì tò? Ṣé èyí tí wọ́n ti yà sórí kọ̀ǹpútà wà nínú wọn, kí n má baà dà yín láàmú?"

Ìbéèrè kejì yẹn ni kí ẹ má gbàgbé láé. Ọ̀pọ̀ àkójọ ló wà nínú páálí tí ẹnikẹ́ni kò tíì tò, wọn kò sì ní fara hàn lórí ìkànnì. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti dáhùn. Tí ẹ kò bá lágbára àtilọ, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà láti ya fáìlì kan. Àwọn ilé kan ń ṣe ojú ewé díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: nínú yàrá ìkàwé

Pẹ́ńsùlù nìkan, kò sí bírò. Àpótí kan lẹ́ẹ̀kan, fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má yí bí ewé ṣe tẹ̀ léra padà, kódà tó bá dá yín lójú pé wọ́n tò ó ṣì, torí bó ṣe tẹ̀ léra yẹn lè jẹ́ ẹ̀rí. Tí wọ́n bá gbà kí ẹ fi fóònù yà á, ẹ pa iná kámẹ́rà.

Kí ẹ tó ya ewé àkọ́kọ́ nínú fáìlì kan, ẹ kọ́kọ́ ya ara fáìlì náà, níbi tí orúkọ àkójọ, nọ́ńbà àpótí àti nọ́ńbà fáìlì wà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo fáìlì. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, mo ya àwòrán ewé tó lé ní 300 láàárín ọjọ́ méjì, mo sì dé ilé láìmọ èyí tó ti inú fáìlì wo jáde. Ewé kan wà nínú wọn tó dáhùn gbogbo ìbéèrè mi, n kò lè lò ó. Ẹ̀rí tí kò ní ibi tó ti wá kò sàn ju àhesọ lọ. Láti ìgbà náà, kí n tó kúrò nínú yàrá lálẹ́, mo máa ń kọ ìlà kan fún fáìlì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé mi: nọ́ńbà, ohun tí mo rí, ohun tí n kò rí.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ bi ewé náà léèrè

Ibí yìí ni iṣẹ́ gidi wà. Ọ̀rọ̀ kan náà lè wà ní ìpele mẹ́ta: nínú ìwé kékeré tí olùwádìí ń mú kiri, nínú ẹ̀dà tó fi táípù tẹ̀ lẹ́yìn náà, àti nínú ìwé tó tẹ̀ jáde. Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ara wọn. Nínú ìwé kékeré, gègé ń sáré, ọ̀rọ̀ èdè àwọn onílé pọ̀, orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà ní etí ewé, ibì kan sì wà tí wọ́n fi ìlà pa rẹ́ tí wọ́n kọ òmíràn sórí rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di táípù, orúkọ ti di lẹ́tà kan ṣoṣo. Nígbà tó bá di ìwé, "wọ́n gbà gbọ́ pé" ló kù. Ohun tí ọkùnrin kan sọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ti di ohun tí odindi ènìyàn gbà gbọ́. Tí ẹ bá mú un padà sí ẹnu ọkùnrin náà, ẹ ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ẹ béèrè èdè tí wọ́n fi bi í àti ẹni tó ṣe ògbufọ̀. Ẹ béèrè bóyá ó lè kọ̀ láti dáhùn, torí wọ́n ti bi ẹlẹ́wọ̀n rí, wọ́n ti bi ọmọ ilé ìwé rí, ọlọ́pàá sì ti dúró ti olùwádìí rí. Ẹ béèrè ohun tó gbà fún un.

Ìtàn Oluale Kossola fi hàn bí ohùn ẹnì kan ṣe lè pẹ́ tó nínú àpótí. Wọ́n kó o lẹ́rú dé Alabama ní 1860 nínú ọkọ̀ Clotilda, wọ́n sì ń pè é ní Cudjo Lewis níbẹ̀. Ní 1927, Zora Neale Hurston, akẹ́kọ̀ọ́ Boas, lọ bá a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìtàn ayé rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ ọ́ bí ọkùnrin náà ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1931, atẹ̀wé kan ní kó yí èdè Kossola padà, Hurston kọ̀. Ìwé àfọwọ́kọ náà wà ní Yunifásítì Howard títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018. Gbogbo àwọn ọdún yẹn, ẹni tó bá mọ̀ láti béèrè fún ìwé Hurston lè kà á níbẹ̀.

Ohùn tí wọ́n gbà sórí ìda tún ní ìbéèrè tirẹ̀. Ìda roboto bí agolo kékeré ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló ń gbà. Nítorí náà, tí orin bá dúró lójijì, ìda ló tán, orin lè má tíì dé àárín. Tí ìda bá yára yí jù nígbà tí ẹ ń gbọ́ ọ, ohùn á ga. Tó bá falẹ̀, á wálẹ̀. Àwọn olùwádìí kan ń fọn fèrè kékeré kan tí wọ́n mọ ohùn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lọ́jọ́ iwájú lè mọ bó ṣe yẹ kó yára tó. Ẹ má fo ohùn fèrè yẹn. Òun ló máa sọ fún yín bóyá ohùn tí ẹ ń gbọ́ jẹ́ ti àgbàlagbà lóòótọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ọ̀rọ̀

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ sábà máa ń sọ pé ẹni tó kọ ọ́ tàbí ẹni tó gbà á sílẹ̀ ló ni ín. Àwọn tí wọ́n gba ohùn wọn ní èrò mìíràn, mo sì fara mọ́ tiwọn. Ní March 1890, Jesse Walter Fewkes, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Edison lọ sí Calais ní Maine láti dán an wò, ó sì gba orin àti ìtàn àwọn Passamaquoddy, àwọn onílẹ̀ agbègbè náà, sórí ìda. Àwọn ni ohùn tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ tí olùwádìí gbà lóko ìwádìí. Noel Josephs àti Peter Selmore wà lára àwọn tó kọrin, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ Fewkes ni wọ́n fi ń pe àkójọ náà. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn Passamaquoddy fúnra wọn jókòó ti ohùn náà pẹ̀lú Library of Congress, wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè wọn, wọ́n sì fún orin kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó ń jẹ́ gan-an nínú kátálọ́ọ̀gì. Wọ́n tún fi àmì sí i tó ń sọ ẹni tó lè lò ó àti bó ṣe lè lò ó.

Kí ẹ tó gbé nǹkan jáde, ẹ wo bóyá irú àmì bẹ́ẹ̀ wà. Ní AIATSIS ní Canberra, ilé ìwádìí àti ìpamọ́ nípa àwọn onílẹ̀ Australia tí òfin dá sílẹ̀ ní 1964, wọ́n máa ń kìlọ̀ pé àwòrán tàbí ohùn ẹni tó ti kú lè wà nínú ohun tí ẹ fẹ́ ṣí, torí láàárín ọ̀pọ̀ ìdílé onílẹ̀ Australia, ìyẹn ń kó ìbànújẹ́ báni. Àwọn ewé mìíràn wà tó jẹ́ ti àwọn ọkùnrin nìkan, òmíràn ti àwọn obìnrin nìkan. Ní Amẹ́ríkà, láti 2006 ni àwọn onílẹ̀ àti àwọn olùtọ́jú ìwé ti jọ kọ ìlànà sílẹ̀ lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Tí ìdílé tàbí ìgbìmọ̀ àwọn ènìyàn náà bá wà, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó tẹ iṣẹ́ yín, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ewé náà ránṣẹ́, ó lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí i. Tí wọ́n bá ní kí ẹ má tẹ ojú ewé kan, ẹ yọ ọ́.

Tí ẹ bá sì rí àwòrán tí wọ́n kọ "ọkùnrin kan" sábẹ́ rẹ̀, tí ẹnì kan ní ilé rẹ̀ bá sọ orúkọ rẹ̀ fún yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fẹ́ kí orúkọ náà wọ inú kátálọ́ọ̀gì. Tí wọ́n bá gbà, ẹ kọ ímeèlì kúkúrú sí ilé ìpamọ́ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an: nọ́ńbà àwòrán, orúkọ rẹ̀ ní kíkún bí àwọn ẹbí ṣe ń kọ ọ́, ẹni tó dá a mọ̀, àti ọjọ́ tí ó dá a mọ̀.